Eruku asbestos wákàtí méjì: ẹ má tíì gbé àwọn ọmọ lọ ya X-ray

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo ka ọ̀rọ̀ yín, ó sì ká mi lára gan-an. Ẹ ní àwọn kápẹ́ńtà wá tú àjà àtijọ́ ilé bàbá ọkọ yín ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, kí wọ́n lè fi PVC rọ́pò rẹ̀. Ẹ ní òòlù ni wọ́n fi ń fọ́ páálí asbestos náà lulẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí méjì, àwọn ìbejì tí wọn ò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ ń ṣeré nínú eruku rẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ sì fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ẹnì kan wá sọ fún yín ní ṣọ́ọ̀ṣì pé jẹjẹrẹ ló ń fà, láti ìgbà náà ẹ ò rí oorun sùn. Ẹ ń béèrè bóyá kí ẹ gbé àwọn ọmọ lọ ya X-ray àyà, àti bóyá ilé náà ṣì ṣeé gbé.

Ẹ má gbé wọn lọ fún X-ray. Wọ́n ti rán èmi náà gba ọ̀nà yẹn rí, mo mọ ibi tó já sí.

Eruku tí èèyàn fà símú lọ́sẹ̀ tó kọjá, X-ray ò lè rí i. Òwú inú òkúta ni asbestos, èyí tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró nínú rẹ̀ sì tín-ín-rín débi pé ojú lásán ò ká a, awò inú lábù ni wọ́n fi ń wò ó. Àpá tó bá dá sí ẹ̀dọ̀fóró ni X-ray ń rí, àpá yẹn kì í sì í yọjú kíákíá. Jẹjẹrẹ tó ń mú awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní mesothelioma, sábà máa ń gba ọdún 20 sí 50 kó tó fara hàn. Nítorí náà, bí wọ́n bá ya àwọn ọmọ lónìí tí wọ́n ní kò sí nǹkan, wọn ò tíì sọ ohunkóhun fún yín. Bí wọ́n bá sì rí nǹkan kan níbẹ̀, nǹkan mìíràn ni, kì í ṣe ti àjà tí wọ́n tú lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ilé bàbá mi ní Ìgbọ́nà la fẹ́ tún ṣe tí tèmi fi bẹ̀rẹ̀. Àjà yẹn ti wà lókè tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ lọ́dún 1991. Òjò ti jò sí i lára, ó ti tẹ̀ kọdọrọ sísàlẹ̀. Àárín ọyẹ́ ni àwọn kápẹ́ńtà dé, mo dúró sábẹ́ wọn, mò ń bá wọn gba páálí. Ọ̀kan kán sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo wo etí ibi tó ti kán, òwú funfun kéékèèké ló yọ síta níbẹ̀ bí irun, mo sì fi àtàńpàkò ra á. Oòrùn tó gba ojú fèrèsé wọlé jẹ́ kí n rí eruku náà bó ṣe ń fò kiri nínú pálọ̀, kò sọ̀kalẹ̀ bọ̀rọ̀. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ìdérí ìkòkò omi wa ti funfun.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ń gbé lókè òkun ló rí fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sí i, ló bá pè mí pẹ̀lú ariwo. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mi ò ti gbádùn ara mi mọ́. Ọyẹ́ ń mú mi húkọ́ bó ṣe ń mú gbogbo ará Òṣogbo húkọ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ikọ́ asbestos ni. Tí mo bá dùbúlẹ̀, àyà mi á fún pinpin. N ó dìde jókòó, n ó máa mí sínú, n ó máa mí síta, n ó máa fetí sí i bóyá nǹkan kan ń dún níbẹ̀. Ìyàwó mi á jí, á máa fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, á ní ṣé kí òun bu omi gbígbóná wá. Fóònù ò kúrò lọ́wọ́ mi. Ibi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé ewu ẹ̀ẹ̀kan kéré, ọkàn mi ò ní gbà á. Ibi tí wọ́n bá ya àwòrán ẹni tó ń kú lọ sí, n ó kà á láti òkè délẹ̀, n ó tún kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. N ó máa ṣírò pé lẹ́yìn ogún ọdún, ọmọ ọdún mélòó ni n ó jẹ́? Àbígbẹ̀yìn mi ńkọ́, tóun náà wà nílé lọ́jọ́ yẹn? Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ lóru, mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi, mo rù, bí mo ṣe rù yẹn náà ló tún di àmì àìsàn lójú mi. Tí ẹnikẹ́ni bá ń kan ìṣó ládùúgbò, àyà mi á já. Mo ń sọ gbogbo èyí nítorí mo mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an lẹ wà báyìí, àyà tó ń fún yẹn kò sì túmọ̀ sí pé asbestos ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù ló ń fún un. Asbestos kì í mú èèyàn láyà lọ́sẹ̀ kan náà.

Dókítà àkọ́kọ́ tí mo rí ò tilẹ̀ gbójú sókè wò mí. Kò bi mí pé wákàtí mélòó ni mo lò nínú eruku, kò bi mí bóyá mò ń mu sìgá, kò bi mí iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ó kọ X-ray fún mi. X-ray ò rí nǹkan, ó ní kí n lọ ṣe CT scan, ẹ̀rọ tó ń ya inú ara ní ìpele-ìpele. CT ò rí nǹkan, ó ní kí n máa padà wá lóṣooṣù. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí la ń wá?” Ó ní, “Ẹ ṣáà máa bọ̀.” Inú ṣì ń bí mi dòní olónìí. Ẹni tí ẹ̀rù ti ń bà, tí ẹ tún ń fi owó gbígbà dẹ́rù bà! Ìtànṣán tó wà nínú CT scan àyà pọ̀ fíìfíì ju ti X-ray lásán lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í ya ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò ṣàìsàn.

Àgbà dókítà obìnrin kan ló wá là mí lóye. Ó bi mí ní gbogbo ohun tó yẹ kí ẹni àkọ́kọ́ ti bi mí, ó wá ṣàlàyé pé iye eruku àti iye ọdún ló ń pinnu ọ̀rọ̀ asbestos. Àwọn tí asbestos pa ni àwọn tó ń wa á lábẹ́ ilẹ̀, àwọn tó ń hun ún nílé iṣẹ́, àwọn tó ń fi í wé páìpù inú ọkọ̀ ojú omi, lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó mú ìyàwó àwọn míì náà, torí àwọn ló ń gbọn eruku ara aṣọ iṣẹ́ ọkọ wọn. Lọ́dún 1960, àwọn dókítà Gúúsù Áfíríkà kọ ọ́ síta pé mesothelioma ń mú àwọn ará agbègbè Cape níbi tí wọ́n ti ń wa asbestos aláwọ̀ búlúù, títí kan àwọn tí wọn ò bá wọn wa á rí ṣùgbọ́n tí wọ́n dàgbà sítòsí ibẹ̀. Ẹ gbọ́ o: wọ́n dàgbà síbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀sán ọjọ́ kan.

Páálí àjà tiwa yìí, sìmẹ́ǹtì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Asbestos tó wà nínú irú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ bíi 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún, sìmẹ́ǹtì náà ló sì dì í mú. Àwọn páálí kan tún wà tá à ń pè ní asbestos lọ́jà tó jẹ́ òwú igi ni wọ́n fi pò ó, kò sí asbestos kankan nínú wọn. Ojú ò lè dá wọn mọ̀, lábù nìkan ló lè sọ ọ́. Àmọ́ ti ilé àtijọ́, ẹ kúkú gbà pé ó wà níbẹ̀, kí ẹ ṣọ́ra.

Mi ò ní tàn yín. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé gbogbo oríṣi asbestos ló ń fa jẹjẹrẹ, kò sì sí ìwọ̀n kan tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu rárá. Ìdí nìyẹn tí Bìrìtéènì fi fòfin dè é lọ́dún 1999, tí Gúúsù Áfíríkà náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2008. Síbẹ̀, wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun tó fi kún ewu ọmọ kéré púpọ̀. Ohun tó lè sọ ọ́ di púpọ̀ ni kí eruku náà ṣì wà nílé, kí wọ́n máa fà á símú lójoojúmọ́. Tí bàbá ìbejì bá sì ń mu sìgá, ìjà tó yẹ kí ẹ jà nìyẹn: ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó fa asbestos tó tún ń fa sìgá ga ju ti ẹni tó fa ọ̀kan ṣoṣo lọ jìnnà.

Ti ilé ò le. Ẹ fi omi ọṣẹ àti àkísà nu ibi gbogbo, títí dórí kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ kó àkísà náà sínú ọ̀rá kí ẹ jù ú. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a mọ́, ẹ má tan fáànù sí i. Aṣọ ọjọ́ yẹn, ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ rẹ ẹ́ sómi kí ẹ tó fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Kápẹ́ẹ̀tì tó gba eruku náà tààrà, ẹ yááfì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa gbé ilé yín.

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ kápẹ́ńtà ni ọkàn mi ò balẹ̀ lé lórí. Ilé yìí lónìí, ilé yẹn lọ́la, wọ́n ń fi ayùn gé e, wọ́n ń fi ẹnu fẹ́ eruku rẹ̀ kúrò lójú ìlà. Ìbòmú aláwọ̀ búlúù tá a lò nígbà kòrónà kò dá òwú yẹn dúró, èyí tí wọ́n kọ FFP3 tàbí P100 sí lára ló yẹ wọ́n, mi ò sì tíì rí i lẹ́nu ẹyọ ọ̀kan nínú wọn. Mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan láti béèrè ibi tó yẹ kí èèyàn da àfọ́kù rẹ̀ sí. Tábìlì yìí ní kí n lọ sí tábìlì yẹn, ọ̀gá kan ní kí n lọ kọ lẹ́tà wá, òmíràn ní tí mo bá lè “ṣe dáadáa” àwọn á wá wò ó. Kò sẹ́nì kan níbẹ̀ tó lè dá mi lóhùn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń gbowó lé lórí nìyẹn! Ta ló fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ náà, bí kò bá ṣe wọ́n?

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n há ọ̀dà ara ògiri náà? Ẹ ò sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tún àjà ṣe sábà máa ń tún ògiri kùn. Ọ̀dà àtijọ́ máa ń ní òjé, ìyẹn lead, nínú, òjé kì í sì í dúró de ogún ọdún. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́. Gbogbo wa la gbọ́ ti Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí eruku òjé láti inú òkúta wúrà ti pa ọ̀pọ̀ ọmọdé. Tí wọ́n bá fi sáńpépà há ògiri yín ní gbígbẹ tí àwọn ìbejì wà níbẹ̀, àyẹ̀wò òjé inú ẹ̀jẹ̀ lẹ lè béèrè fún. Ìyẹn lè sọ nǹkan gidi fún yín, X-ray ò lè sọ ọ́. Tí wọn ò bá sì há nǹkan kan, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Àjà tó bá ṣì wà lókè nínú àwọn yàrá tó kù, tí kò sán, tí kò jò, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ kùn ún lọ́dà, ẹ máa wò ó. Tí ẹ bá ní dandan kí wọ́n tú u, ẹ kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ lọ sílé ìyá yín. Kí kápẹ́ńtà wọ́n omi ọṣẹ sí i dáadáa, kó fa ìṣó rẹ̀ yọ, kó gbé páálí náà sọ̀kalẹ̀ ní odindi. Tó bá ní òun ò lè fi omi ṣeré, ẹ wá ẹlòmíràn.

Àfọ́kù páálí tí ẹ ní wọ́n ti kó sẹ́yìn ilé yín yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó lọ́la, kí ẹ tó ronú họsipítù. Ẹ rọ omi sí i, ẹ kó o sínú ọ̀rá tó nípọn ní ìlọ́po méjì, kí ẹ so ó pa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ṣe ilé adìẹ tàbí kí wọ́n fọ́ ọ dí kòtò ojú ọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ọ́ sínú iná pẹ̀lú pàǹtí, torí kì í jó, ṣe ló máa ń bú gbàmù, àwọn ọmọdé á sì sáré wá wò ó.