Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọjà Wo Ló Ṣeé Tà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Mo ra ẹ̀rọ ìfami kan. Mo yẹ̀ ẹ́ wò yí ká kí n tó sanwó, n kò rí àléébù kankan. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mọ́tò inú rẹ̀ jóná. Ẹni tó tà á fún mi ní ojú ara mi ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò, pé kò kan òun mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú òfin ọjà títà tí England ṣe ní 1893, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ṣe àwòkọ ti wọn, ẹni tó bá ń fi irú ọjà kan ṣòwò ti ṣèlérí pé ó ṣeé tà, bí kò tilẹ̀ lanu sọ ọ́. Kì í ṣe pé kó dára ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kó sáà lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń ra irú rẹ̀ fún. (Ní 1994, àwọn ará England pa gbólóhùn náà dà sí ọjà tó tẹ́ni lọ́rùn, wọ́n sì ka ìrísí, àbùkù wẹ́wẹ́, ààbò àti bí ọjà yóò ṣe pẹ́ tó mọ́ ọn.)

Òótọ́ ni pé bí ẹ bá ti yẹ ọjà wò, ẹ kò lè ṣàròyé lórí àbùkù tí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ yẹ kó fi hàn. Ṣùgbọ́n ta ló lè rí wáyà inú mọ́tò tí wọ́n ti dè pa? Ní Australia, ọkùnrin kan ra àwọ̀tẹ́lẹ̀ onírun àgùntàn ní 1931. Kẹ́míkà tí wọn kò fọ̀ kúrò tán nílé iṣẹ́ sọ awọ ara rẹ̀ di egbò. Ẹjọ́ náà dé iwájú Privy Council, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní London, wọ́n sì dá a láre ní 1935: kò sí àyẹ̀wò tí olùrà lè ṣe ní ìsọ̀ tí ì bá fi kẹ́míkà yẹn hàn.

Nítorí náà, ẹ má tú ẹ̀rọ náà, ẹ má sì gbé e fún oníṣẹ́ kankan, kí olùtà má bàa ní ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ara rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà lónìí: ọjọ́ tí ẹ rà á, ọjọ́ tó jóná, irú omi tó ń fà lọ́wọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè yíwọ́ nìyẹn o. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ omi tó mọ́ lẹ fi fa ẹrọ̀fọ̀, ẹjọ́ yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

Ìbéèrè: "Ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà" ló wà lórí risíìtì. Ṣé ó ti parí nìyẹn?

Ìdáhùn: Ní Amẹ́ríkà, olùtà tó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìlérí yìí gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ gan-an, kó sì kọ ọ́ gàdàgbà síbi tí ojú yóò ti rí i, tàbí kó sọ kedere pé bí ẹ ṣe bá ọjà náà ni ẹ rà á. Àwọn ìpínlẹ̀ kan kò tilẹ̀ gbà á fún ọjà ìlò ilé. Gbólóhùn orí risíìtì yín kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ìbéèrè: Mo ní 200 bàtà ní sítọ̀ọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ná mi ní 1,000. Ọ̀rinrin ti ba páálí wọn jẹ́. Mo lè tà wọ́n ní 900, lẹ́yìn tí mo bá fi 60 ra páálí tuntun fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí mo sì fún alágbàtà ní 45. Èló ni kí n kọ sínú ìwé ní ìparí ọdún?

Ìdáhùn: Ìlànà ìṣirò owó káríayé, IAS 2, ní kí ẹ mú èyí tó kéré nínú iye tí ọjà ná yín àti iye tí yóò wọlé lẹ́yìn ìnáwó. Ẹ yọ 60 àti 45 kúrò nínú 900, ó ku 795. Òfò 205 ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 41,000 lórí gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ìnáwó ọdún yìí, kí ọjà inú sítọ̀ọ̀ sì dúró sí 159,000.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn fi èrè tó ń retí lórí ọjà mìíràn dí ihò yìí. Ọjà kọ̀ọ̀kan ló ń dá ru ẹrù tirẹ̀. Bí iye bàtà bá tún gòkè lọ́dún tó ń bọ̀ kí ẹ tó tà wọ́n, ẹ lè dá òfò náà padà, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ kọjá 1,000 tó ná yín. Awọ tí ẹ kó pamọ́ láti fi rán bàtà ní tirẹ̀, ẹ má dín in kù bí bàtà tí ẹ máa fi rán yóò bá mú gbogbo owó yín wálé.