Ẹyin lohùn: kí ló pa òwe yìí pọ̀ mọ́ gain àti volume?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kubwa ni mò ń gbé, ewì ni mo sì ń gbà sílẹ̀ nínú yàrá mi pẹ̀lú ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Audacity. Bàbá kan tó gbọ́ ọ ní kí n lọ ṣọ́ gain mi, ó wá fi kún un pé 'ẹyin lohùn'. Èmi rò pé èrè ni gain. Volume nìkan ni mo máa ń yí. Kí ni bàbá ń sọ gan-an?"

Àbúrò, èrè ni gain lẹ́nu oníṣòwò ọjà Wuse lóòótọ́. Lẹ́nu àwa tó ń gba ohùn sílẹ̀, agbára tí wọ́n fi kún ohùn bó ṣe ń wọlé ni. Ohun tó ń ti inú máìkì jáde kéré gan-an, àfi kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ sọ ọ́ di ńlá kí kọ̀ǹpútà tó lè rí i lò. Volume ní tirẹ̀, ẹ̀yìn tí ohùn ti wọlé tán ló ń ṣiṣẹ́: bí yóò ṣe dún tó létí ẹni tó ń gbọ́.

Ọbẹ̀ ni mo fi máa ń ṣàlàyé rẹ̀. Gain ni iyọ̀ tó o dà sínú ìkòkò, volume ni ìwọ̀n tó o bù sáwo. Bí iyọ̀ bá ti pọ̀ jù, bu ṣíbí kan péré, iyọ̀ ṣì ń bẹ níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni òwe bàbá ti wọlé. "Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́." Ìlò tí gbogbo wa mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tó bá ti bọ́ lẹ́nu kò ṣeé kó padà. Bàbá gbé e lọ síbòmíràn, ó sì bá a mu rẹ́gí. Òrùlé kan wà fún ohùn nínú kọ̀ǹpútà, 0 dB ni wọ́n ń pè é (dB, ìyẹn decibel, ni òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe lágbára tó), ìdí nìyẹn tí àmì ìyọkúrò fi máa ń wà níwájú àwọn nọ́ńbà tó ò ń rí. Bí gain bá ti ohùn kan òrùlé yẹn, orí rẹ̀ á gé pẹrẹsẹ, á wá máa dún bíi gbohùngbohùn àwọn tó ń ta àgbo ní gáréèjì. Bó o bá fa volume wálẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹyin fífọ́ náà kàn máa rọra dún ni. Audacity ní irinṣẹ́ kan, Clip Fix, tó máa ń méfò ohun tó sọnù. Mo ti lò ó. Gọ́ọ̀mù la fi ń lẹ èèpo ẹyin.

(Ẹnì kan á sọ fún ẹ pé 32-bit float, ọ̀nà tí Audacity ń gbà kọ nọ́ńbà ohùn pamọ́, kì í jẹ́ kí ohùn gé. Nínú Audacity fúnra rẹ̀, òótọ́ ni. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà ni tìrẹ ti fọ́, nínú ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn máìkì di nọ́ńbà, bí àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní audio interface.)

Ṣé ká wá fa gain wálẹ̀ pátápátá? Rárá o. Ẹ̀rọ náà ní ariwo tirẹ̀, ṣíì kan báyìí tí kì í tán. Bí ohùn bá wọlé ní jẹ́jẹ́ jù, tó o wá fi volume gbé e, a fa gbùùrù, gbùùrù fa igbó: ṣíì náà á tẹ̀ lé e bọ̀.

Nítorí náà, má fi "hẹ́lò, hẹ́lò" dán an wò. Ibi tó o ti máa pariwo jù nínú ewì náà ni kó o ké, kó o yí gain títí ibi tó ga jù á fi wà láàárín -12 sí -6 dB. Bó bá jẹ́ àpótí ló wà láàárín máìkì àti kọ̀ǹpútà, bọ́tìnnì ara rẹ̀ ni kó o yí. Lórí ọ̀pọ̀ wọn, ti inú Audacity kì í ṣiṣẹ́. Bí o kò bá gbọ́ ara rẹ dáadáa nínú ìgbọ́hùn etí, volume etí ni kó o gbé sókè. Ọ̀pọ̀ ló ti torí ìyẹn ba gain jẹ́.

Èdè wa náà ń dá kún ìdàrúdàpọ̀ yìí. "Gbé ohùn sókè" lè jẹ́ kéèyàn pariwo, ó sì lè jẹ́ ohùn òkè bíi ti àmì ohùn. Kò sí èyí tó kan gain nínú méjèèjì. Èmi máa ń pe gain ní agbára ìwọlé, mo sì ń pe volume ní bí ohùn ṣe ń jáde tó.

Ti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ńkọ́? Gain á gbé òun àti ohùn rẹ sókè pọ̀ ni, volume náà bẹ́ẹ̀. Sún mọ́ máìkì.