Ìgò Martell tí bàbá yín fi sílẹ̀

Ẹ béèrè bóyá Martell, ọtí líle cognac tí wọ́n ń fi àjàrà ṣe, tí bàbá yín rà lọ́dún FESTAC, 1977, ti ń dàgbà nínú ìgò láti ìgbà náà, àti bóyá 1715 tó wà lára lébẹ̀lì ni ọdún tí wọ́n pọn ọtí ọ̀hún. Rárá ni fún méjèèjì. Ọdún 1715 ni Jean Martell, ọmọ erékùṣù Jersey, dá òwò rẹ̀ sílẹ̀ ní Cognac, nílẹ̀ Faransé. Inú àgbá igi oaku sì ni ọtí yìí ti ń gbó. Ọjọ́ tó bá wọ ìgò ni ọjọ́ orí rẹ̀ dúró. VSOP tí wọ́n ń kọ sára ìgò túmọ̀ sí pé èyí tó kéré jù nínú àdàlù náà ti lo ọdún 4 nínú àgbá; ọdún 4 náà ló máa jẹ́ títí ayé.

Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀kì, ìdérí tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò, ló kàn mí jù. Ní London, mo fi owó oṣù kan gbáko ra ìgò kan ní ọjà gbàǹjo. Wọ́n kọ 70° proof àti 24 fl ozs, ìwọ̀n àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń díwọ̀n agbára àti iye ọtí, sí i lára, mo sì fi mọ̀ pé ó ti ṣáájú 1980. Mo gbọ́ pé ṣe ni wọ́n ń tẹ́ wáìnì sílẹ̀ gbalaja, ni mo bá tẹ́ tèmi náà sínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí mo ṣí àpótí náà, òórùn ọtí ló kọ́kọ́ pàdé mi. Kọ́ọ̀kì ti ń rún bí èkuru, ọtí ti jò dé ìdajì, èyí tó kù ń run bí páálí tí òjò pa. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ọtí líle máa ń jẹ kọ́ọ̀kì run. Ìnàró ni kí ẹ gbé cognac sí, níbi tí oòrùn ò dé.

Àwọn cognac tó gbówó lórí gan-an ni èyí tí wọ́n ṣe kí kòkòrò phylloxera tó dé. Lẹ́yìn 1870 ni kòkòrò náà mú kí gbòǹgbò àjàrà gbẹ ní Charente, agbègbè tí Cognac wà. Gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà ni wọ́n wá so ẹ̀ka àjàrà tiwọn mọ́, irú àjàrà tó ń jẹ́ Ugni Blanc sì gba ipò èyí tó ń jẹ́ Folle Blanche.

Ẹ wo ọrùn ìgò bàbá yín. Bí ọtí bá ṣì dé ibẹ̀, ẹ má ṣí i. Ẹ wá rìsíìtì rẹ̀ nínú àwọn ìwé bàbá, kí ẹ so ó mọ́ ìgò náà, kó jẹ́ ẹ̀rí ọdún tí wọ́n rà á.