Ọgbà ẹ̀yìnkùlé wa ń ná wa lówó ju ọjà lọ: níbo la ti ṣìnà?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ ìmọ̀ràn o, ọ̀gá wa. Ọlọ́mọ mẹ́rin ni mí, ìyá ọkọ mi náà sì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Lọ́dún tó kọjá, a pinnu pé a ó máa gbin ohun tí à ń jẹ kí owó oúnjẹ lè dínkù. A ra irúgbìn oríṣi 14, a ra ilẹ̀ dúdú lápòlápò, a ra ajílẹ̀, a tún ra páńpù. Tòmátì so lóòótọ́, àmọ́ ńṣe ni ìdí rẹ̀ ń dúdú tó sì ń rà. Kùkúńbà so wọ̀ìwọ̀ì lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, àwọn ọmọ kò jẹ ẹ́, a dà á nù. Nígbà tí mo ṣírò gbogbo rẹ̀, owó tó jáde ju ohun tó wọlé lọ. Ọkọ mi ní kí n jáwọ́ ńbẹ̀. Ṣé ọgbà ẹ̀yìnkùlé lè bọ́ ilé lóòótọ́, àbí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni?

Ìdáhùn

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá àwọn ọmọ, ẹ sì kú ìnáwó. Inú mi dùn pé ẹ ṣírò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ kì í ṣírò. Ojú wọn á ti rí ewé tútù, wọ́n á ní èrè ti dé.

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó gbẹ̀yìn nínú ìbéèrè yín ṣáájú. Ọgbà ẹ̀yìnkùlé nìkan kò lè bọ́ ilé yín. Àgbàlagbà kan nílò nǹkan bíi kálórì 2,000 lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọ́ eléwé, gíráàmù 100 rẹ̀ kì í sábà ju kálórì 30 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀fọ́ nìkan yó yóò jẹ ju kílò 6 lọ lójúmọ́. Ewúrẹ́ ló lè ṣe ìyẹn. Ọkà, ẹ̀wà gbígbẹ àti epo ló ń fún èèyàn lágbára, ilẹ̀ tó gbòòrò ni àwọn yẹn sì ń fẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 ọgbà ni àwọn ará Amẹ́ríkà dá sí ẹ̀yìnkùlé àti sí ilẹ̀ tó ṣófo láàárín ìlú. Ohun tí wọ́n sì ń sọ nípa rẹ̀ títí dòní ni pé ó pèsè nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ẹ̀fọ́ tútù tí wọ́n jẹ. Ẹ kíyè sí i: ẹ̀fọ́ ni. Kò sẹ́ni tó gbin àlìkámà sí ẹ̀yìn fèrèsé.

Ohun tí ọgbà lè ṣe fún yín ni pé kó gbé ẹ̀ka kan kúrò lára owó oúnjẹ, ìyẹn ẹ̀ka ohun tó wọ́n tó sì tètè ń bàjẹ́. Bí ó bá ṣe èyí dáadáa, owó tó kù á tó ra ọkà àti ẹ̀wà lápò, tó máa ń dínwó ju kéèyàn rà á ní ìdìmú-ìdìmú lọ.

Ibi tí ẹ ti ṣìnà kò le. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta irúgbìn lẹ ti bẹ̀rẹ̀. Inú ìkòkò ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwòrán tó wà lára páálí irúgbìn kò mọ ohun tí àwọn ọmọ yín ń jẹ.

Kí ẹ tó tún fọwọ́ kan ilẹ̀, ẹ so ìwé kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa kọ ohun tí ẹ rà, ohun tí ẹ sè, àti èyí tí ẹ dà nù, pàápàá èyí tí ẹ dà nù. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ohun mẹ́ta nínú ìwé náà tí ẹ ń rà léraléra, tí díẹ̀ rẹ̀ wọ́n, tó sì ń rọ kó tó di ọ̀túnla. Ní ọ̀pọ̀ ilé tí mo ti ṣe èyí, ẹ̀fọ́ eléwé, ata àti àwọn ewé olóòórùn tí à ń fi sọbẹ̀ ló ń jáde. Àwọn yẹn ni kí ẹ gbìn. Àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì, ọ̀dùnkún òyìnbó? Wọ́n dára, àmọ́ wọn kì í tètè bàjẹ́, wọ́n sì máa ń dínwó nígbà tí wọ́n bá ti pọ̀. Ẹ máa rà wọ́n. Mo mọ̀ pé àwọn olùtọ́jú ọgbà kan kò ní gbà fún mi lórí èyí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kékeré kò gba ìfẹ́ ọkàn gbogbo.

Ẹ̀fọ́ tí à ń gé tó tún ń rúwé ló dára jù fún ilé tó ń ṣọ́ owó ná. Tẹ̀tẹ̀, bí àpẹẹrẹ, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gé e láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin tí ẹ bá ti fúnrúgbìn rẹ̀. Ẹ má fà á tu. Ẹ gé e kó ku nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan nílẹ̀, á tún yọ ẹ̀ka. Ewé ànàmọ́ náà ń di ọbẹ̀, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀ fún irúgbìn: ẹ gé ìtàkùn rẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, ẹ rì í mọ́lẹ̀, ó tán. Ẹ máa já ewé rẹ̀ níwọ̀nba, nítorí bí ẹ bá já a jù, iṣu ìdí rẹ̀ kò ní tóbi. Ẹ má sì fúnrúgbìn gbogbo ilẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìlà kúkúrú kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni, kí èyí tó kàn lè máa dàgbà nígbà tí ẹ bá ń jẹ ti iwájú. Bí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kùkúńbà yín ì bá má so wọ̀ìwọ̀ì lọ́sẹ̀ kan.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tòmátì, tó jọ pé ó dùn yín jù. Ìdí tó ń dúdú yẹn kì í ṣe kòkòrò, kì í sì í ṣe àrùn tó ń ràn. Èròjà ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ kálíṣíọ̀mù ni kò dé ìdí èso náà bó ṣe yẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé kò sí nínú ilẹ̀. Omi ló ń gbé e gòkè láti gbòǹgbò, omi tí ẹ sì ń bù fún un kò ṣe déédéé. Ilẹ̀ á gbẹ fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹ ó wá fi páńpù rin ín gbingbin lọ́jọ́ karùn-ún. Ẹ má ra oògùn kankan sí i. Ẹ máa bomi rin ín ní ìwọ̀n kan náà, kí omi wọlẹ̀ jinlẹ̀, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ kí oòrùn má fa omi náà jáde. Ajílẹ̀ tó pọ̀ jù náà ń dá kún un, nítorí ewé ni yóò máa sáré yọ. Èyí tó bá ti dúdú ní ìdí, bí kò bá tíì bu, ẹ gé ibẹ̀ sọ nù kí ẹ fi ìyókù sebẹ̀. Tòmátì àti ata ń fẹ́ oòrùn tààrà fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán. Ẹ̀fọ́ eléwé lè fara da ibi tí ibòòji wà díẹ̀.

Omi náà ń gbowó. Bí òjò mìlímítà kan bá rọ̀ sórí ohun tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan, lítà kan gééré ló jẹ́. Nítorí náà, òrùlé tó fẹ̀ ní mítà 5 tó sì gùn ní mítà 10, bí òjò mìlímítà 10 bá rọ̀ sí i, omi tó tó lítà 500 ló ń ṣàn lọ. Ọgbà ẹ̀fọ́ ń fẹ́ nǹkan bíi lítà 25 lọ́sẹ̀ fún ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan nígbà tí òjò kò bá sí. Dúrọ́ọ̀mù méjì-mẹ́ta lábẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀ sàn ju páńpù tuntun lọ. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ ìdọ̀tí òrùlé lọ ná, kí ẹ sì dé dúrọ́ọ̀mù náà kí ẹ̀fọn má fi ṣelé.

Ilẹ̀ dúdú tí ẹ ń rà lápò, ìdáná yín ń pèsè rẹ̀ lójoojúmọ́. Èèpo ẹ̀fọ́, èèpo èso, èèpo ẹyin tí a rún àti ewé gbígbẹ ni. Ẹ kó wọn jọ sí igun kan, ìwọ̀n ohun gbígbẹ mẹ́ta sí ohun tútù kan. Páálí tí a fà ya náà wà lára ohun gbígbẹ. Kó máa tutù bíi kànrìnkàn tí a ti fún. Bó bá ń rùn, omi rẹ̀ ló pọ̀ jù: ẹ yí i, kí ẹ fi ohun gbígbẹ kún un. Ẹran, ẹja àti epo kò gbọ̀dọ̀ dé ibẹ̀ nítorí eku. Ìgbẹ́ adìyẹ tàbí ti màlúù tútù kì í ṣe ohun tí à ń dà sídìí ẹ̀fọ́ tí a fẹ́ ká láìpẹ́. Bí kò bá tíì jẹrà, ẹ jẹ́ kó lo ọjọ́ 120 nínú ilẹ̀ kí ẹ tó ká ohun tó ń fara kan ilẹ̀ náà. Ohun kan wà tí àwọn èèyàn kì í bèèrè: kí ni wọ́n ń ṣe lórí ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀? Bí wọ́n bá ti tú bátìrì níbẹ̀ rí, tàbí tí ọ̀dà ilé àtijọ́ ń bọ́ sí i, òjé lè wà nínú rẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Inú àpótí tàbí garawa tí ẹ rọ ilẹ̀ míì sí ni kí ẹ gbìn sí níbẹ̀.

Ní ti irúgbìn, ọdún kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹ ra púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀wà ló rọrùn jù láti tọ́jú: ẹ jẹ́ kí pódi rẹ̀, ìyẹn èèpo tí kóró wà nínú rẹ̀, gbẹ sórí igi. Tòmátì, ẹ fún kóró rẹ̀ sínú omi díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ohun yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wú kúrò, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a gbẹ. Bí ẹ bá rí F1 lára páálí, ìyẹn àmì irúgbìn tí wọ́n fi oríṣi méjì bí, ẹ má fi kóró rẹ̀ pamọ́, ọmọ kò ní jọ ìyá. Ẹ ṣọ́ra fún elégédé pẹ̀lú. Èmi náà fi kóró elégédé pamọ́ lọ́dún kan láì ronú pé aládùúgbò mi gbin oríṣi tí wọ́n ń fi ṣẹ̀ṣọ́ lásán. Kòkòrò ti gbé ìyẹ̀fun òdòdó tirẹ̀ wá sí tèmi. Èso tó jáde lọ́dún kejì korò bí oró, oró náà ló sì jẹ́ lóòótọ́, nítorí elégédé tó bá korò ń ṣe inú ní jàǹbá. Ẹ tọ́ ọ wò. Bó bá korò, ẹ tu ú dànù.

Ibi tí owó pọ̀ sí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ibi ìdáná. Kílò kan ẹ̀wà gbígbẹ máa ń di kílò méjì ó lé bí a bá sè é tán. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi náà nù, ẹ dé ìkòkò. Iná tí yóò jẹ á dínkù gan-an. Ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bíi kíndìnrín ní oró tirẹ̀: ó gbọ́dọ̀ hó gùdùgùdù fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán, èmi a máa fi í sílẹ̀ títí di 30 kó dá mi lójú. Ìkòkò oníná-mànàmáná tó ń sè jẹ́jẹ́ kò gbóná tó láti pa oró náà. Ẹ sè tó ìjẹ ẹ̀ẹ̀mejì, àmọ́ kí ìyókù má ju wákàtí méjì lọ níta kí ẹ tó gbé e sínú fíríìjì. Ìrẹsì ló yẹ kí ẹ fojú sí jù, nítorí bakitéríà rẹ̀ lè ti pèsè oró tí gbígbé e kaná kò lè mú kúrò mọ́.

Ẹ̀fọ́ tó bá pọ̀ ju ohun tí ẹ lè jẹ lọ, ẹ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì kí ẹ sá a níbòòji tàbí kí ẹ fi sínú fírísà. Ẹ má fi ẹ̀fọ́ tàbí ẹ̀wà sísè dé inú ìgò nílé bí ẹ kò bá ní ìkòkò tó ń fi agbára títẹ̀ sè. Omi tó ń hó lásán kò pa irúgbìn bakitéríà tó ń fa májèlé botulism, ìgbóná 121°C ló ń pa á.

Ní báyìí, ẹ má jáwọ́ o, ẹ dín in kù ni. Ebè méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà kan, kó gùn ní mítà mẹ́ta, ohun mẹ́ta tó wà nínú ìwé yín, fún oṣù mẹ́ta. Ẹ wọn gbogbo ohun tí ẹ bá ká, ẹ kọ iye tí ẹ ì bá fi rà á sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé ìwé náà síwájú ọkọ yín. Páńpù tó ti wà nílẹ̀, ẹ fi fa omi jáde láti inú dúrọ́ọ̀mù. Ní ti kùkúńbà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ borí: ẹ má gbìn ín mọ́.