Èsì: Ìdí tí ẹja danio yín fi ń lé ara wọn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní danio abilà mẹ́ta tí ẹ ń sìn ní Kubwa kò yé lé ara wọn, ọ̀kan sì ti sá pamọ́ sẹ́yìn òkúta. Kì í ṣe àìsàn, wọn ò pọ̀ tó ni. Ẹja tó ń rìn lọ́wọ̀ọ́ ni wọ́n, láti inú odò ilẹ̀ Íńdíà àti Bangladesh. Tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta péré, èyí tó lágbára á dojú kọ ẹnì kan ṣoṣo, á máa já a ní lẹbẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pé mẹ́fà, ó kéré tán. Mẹ́jọ ló tẹ́ èmi lọ́rùn.

Kí àpótí dígí yín gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60, torí eré ni wọ́n ń sá ṣáá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé e pa! Mo jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ọ̀kan lẹ́bàá ẹsẹ̀ tábìlì, ó ti gan, eruku ti bò ó lára. Ihò kékeré tí mo fi wáyà gbà ló bá fò jáde. Ó dùn mí wọra.

Ní ti ọyẹ́ tí ẹ ń bẹ̀rù, ẹ fọkàn balẹ̀: wọ́n ń fara da omi tó tutù dé 18 dígírì.