Àbúrò, sinmi dáadáa kó o tó tún wọ abẹ́ irin

Àbúrò mi, o ní oṣù kejì rèé tí squat ẹ, ìyẹn kéèyàn gbé irin lé èjìká, kó lọ sílẹ̀ kó tún dìde, ò kúrò lójú 90 kílò, kóòṣì yín sì ń fi aago mú yín pé ìṣẹ́jú àáyá 45 péré lẹ fi máa sinmi láàárín set kan (ìyẹn ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé irin léraléra kẹ́ ẹ tó sinmi) sí òmíì, o wá ń béèrè bóyá kó o fi kún oúnjẹ. Oúnjẹ kọ́. Ìsinmi yẹn ni.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. 200 mítà ni mò ń sá nígbà yẹn, odindi ọdún kan ni mo fi ń gbé irin bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kóòṣì tí mo ní nígbà náà gbà pé ọ̀lẹ ló ń sinmi, tí òógùn ò bá tíì máa ro tótó, o ò tíì ṣe nǹkan kan. Set àkọ́kọ́ màá gbé e lẹ́ẹ̀marùn-ún, ìkejì ẹ̀ẹ̀mẹrin, tó bá fi máa di ìkẹrin ẹ̀yìn mi á ti tẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni màá rí gbé. Lọ́jọ́ kan, ní set kẹrin yẹn náà, nǹkan dún pà ní ìbàdí mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mi ò lè sáré, àsìkò ìdíje sì ni o. Ó ṣì ń dùn mí.

Agbára tí iṣan fi ń gbé nǹkan tó wúwo gan-an, èyí tí wọ́n ń pè ní creatine phosphate, kékeré ló wà ńbẹ̀, bí ìṣẹ́jú àáyá 10 ló ti ń tán lọ. Bí ìdajì ẹ̀ máa ń padà láàárín ààbọ̀ ìṣẹ́jú, àmọ́ ìyókù kì í yára, ó lè gbà tó ìṣẹ́jú 3 sí 5. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn, èémí ẹ ti balẹ̀, o rò pé ó ti yá, iṣan ò tíì ṣe tán. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Schoenfeld àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dán an wò, wọ́n gbé e jáde ní 2016: ọkùnrin 21 tó ti mọ irin gbé, ọ̀sẹ̀ 8, àwọn kan ń sinmi ìṣẹ́jú 1, àwọn tó kù ìṣẹ́jú 3. Àwọn ti ìṣẹ́jú 3 ló lágbára jù ní squat àti bench (kéèyàn fẹ̀yìn lélẹ̀ kó fi apá ti irin sókè), itan wọn náà ló tóbi jù.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu irin, squat àti deadlift (kéèyàn gbé irin láti ilẹ̀), ìṣẹ́jú 3 ó kéré tán, tó bá wúwo gan-an 5. Àwọn kékeré bíi kéèyàn fi dumbbell ṣe apá, ìṣẹ́jú kan ti tó. Mi ò kì í jókòó ti fóònù, mo máa ń rìn díẹ̀, mo máa ń mu omi. Láàárín oṣù mẹ́ta mo kúrò ní 100 kílò bọ́ sí 120, set tó kẹ́yìn sì jọ ti àkọ́kọ́. Tí irin ò bá pọ̀ ní gym yín, kẹ́ ẹ jẹ́ mẹ́ta lórí ẹyọ kan, kó tó yí kan ẹ padà ìṣẹ́jú 3 á ti fẹ́ẹ̀ pé.

Jọ̀ọ́, má bá kóòṣì ẹ jà. Bẹ̀ ẹ́ pé kó fún ẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, squat nìkan, kó o máa kọ iye tó o gbé ní set kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kó o wá fi ìwé yẹn hàn án.