Ṣé Ó Tọ́ Kí Ìlú Ti Bọ́dà Mọ́ Ẹni Tó Ń Sá Àsálà?

Ìbéèrè: Àsàláámù àláékúmù Àáfà wa. London ni mò ń gbé, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ rọ́bà gba orí omi láti Faransé wọ ibí ti dá iyàn sílẹ̀ ní mọ́ṣáláásí wa. Àwọn kan ní ìlú ló ni ẹnu ọ̀nà ẹ̀, àwọn kan ní ilẹ̀ Ọlọ́hun ni, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dá ẹnikẹ́ni dúró. Kí lẹ̀sìn wí?

Ìdáhùn: Wà àláékúmù sàláàmù ọmọ ìyá mi. Àwa Mùsùlùmí ti ṣe ogúnléndé ká tó nílùú tiwa o. Nígbà tí ìyà tí àwọn Kúráíṣì, ẹ̀yà tó ń ṣàkóso Mẹ́kà, fi ń jẹ wá pọ̀ jù, ní nǹkan bí ọdún 615, Ànábì ní káwọn sàhábà (ọmọlẹ́yìn ẹ̀) kan lọ sá di Nàjáṣì ọba Hábáṣà (Ethiopia), Kìrìsìtẹ́nì sì ni. Kúráíṣì rán Amr ọmọ al-As tẹ̀lé wọn, ó kó awọ olówó ńlá fún àwọn ìjòyè kí wọ́n lè bá a sọ fún ọba pé kó dá wọn padà, kó má tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ rárá. Ọba kọ̀, ó ní òun ò ní fa ẹni tó sá di òun lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láìgbọ́ tẹnu ẹ̀. Jáfárù tó jẹ́ agbẹnusọ àwọn sàhábà náà ka Sùrátù Mariyam, ọba sunkún títí irùngbọ̀n ẹ̀ fi tutù, ó sì dá ẹ̀bùn wọn padà.

Ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀, mi ò jiyàn ìyẹn. Nínú àdéhùn tí Ànábì bá àwọn Kúráíṣì ṣe ní Hudaybiya, ó gbà pé ẹni tó bá sá wá láti Mẹ́kà láìgbàṣẹ àwọn èèyàn ẹ̀, àwọn á dá a padà. Wọn ò tíì kọ àdéhùn náà tán tí Abu Jandal, ọmọ Mẹ́kà tó ti gba Ìsìláàmù, fi yọ, ó ń wọ́ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀, Suhayl bàbá ẹ̀ tó jẹ́ aṣojú Mẹ́kà gbá a lójú, ó ní dandan kó padà, Ànábì bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀, wọ́n wọ́ ọmọ náà lọ tó ń ké pe àwọn Mùsùlùmí. Tí mo bá ń sọ ọ́ ní wáàsí omi máa ń bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan àwọn obìnrin tó sá wá, Ọlọ́hun ní ká yẹ̀ wọ́n wò, tí wọ́n bá jẹ́ onígbàgbọ́ òdodo ká má dá wọn padà, Sùrátù Mumtahana áyà 10. Kódà ọ̀ṣẹbọ tó bá tọrọ ààbò, Sùrátù Tawbah áyà 6 ní ká fún un, ká sì sìn ín dé ibi tí ọkàn ẹ̀ á ti balẹ̀. Torí náà kéèyàn lé ẹni tó ń sá fẹ́mìí ẹ̀ láìgbọ́ ẹjọ́ ẹ̀, ìyẹn ò bá ẹ̀sìn mu.

Ẹni tí nǹkan kan ò lé, tó wá ń pìtàn irọ́ kó lè gba pépà, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ó sì ń ba ọ̀nà jẹ́ fún ẹni tó ń sá lóòótọ́.

Àwa Yorùbá náà mọ̀ ọ́n. November 1969, ọ̀sẹ̀ méjì nìjọba Ghana fún àjèjì tí ò níwèé, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti bímọ síbẹ̀ padà wálé lọ́wọ́ òfo. 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Ghana.

Ní tiyín, ẹ lè yọ fún wọn nínú sàká yín, ọmọ ojú ọ̀nà, ìyẹn arìnrìn-àjò tí ọ̀nà há mọ́, wà lára irú èèyàn mẹ́jọ tí Tawbah áyà 60 ní ká fún ní sàká.